Ìwé Àdúrà Tí Ìka Ń Kà

Kí a tó ṣí i rárá, apá yóò ti mọ̀ pé ó wúwo. Ìwé àdúrà àwọn Júù, tí wọ́n ń pè ní sídúrù, kì í sábà ju èyí tí ọwọ́ kan lè gbé lọ. Èyí tí wọ́n fi bíréèlì kọ fún ẹni tí kò ríran kò rí bẹ́ẹ̀: pépà rẹ̀ nípọn, ojú ewé rẹ̀ fẹ̀, odidi ìwé kan a sì pín sí ìdìpọ̀ mélòó kan. Kò sí yíǹkì nínú rẹ̀. Àmì tíntìntín tó yọ sókè ló kún ún, lẹ́tà kan kì í sì í ní ju mẹ́fà lọ. Olójú ń ka Hébérù láti ọ̀tún wá sí òsì. Nínú bíréèlì, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni ìka ìfábẹ̀lá ń rìn.

Láti ọdún 1931 ni àjọ Jewish Braille Institute ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣe irú ìwé yìí ní New York, tí wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ láìgba owó. Ẹnì kan lè ní, ṣebí ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè ti wà? Ó wà. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Júù tó ń pa òfin Sábáàtì mọ́ kì í tan ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí àdúrà pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀, pépà nìkan ló kù fún un.

Ibì kan wà tí ìka kò lè dé. Ọwọ́ ni akọ̀wé fi ń kọ ìwé kíká Tórà, yíǹkì lórí awọ ẹran. Kò sí ohun tó yọ sókè lára rẹ̀, wọn kì í sì í fi ọwọ́ lásán kàn án; ọ̀pá kékeré, fàdákà lọ́pọ̀ ìgbà, ni òǹkàwé fi ń tọ ìlà. Joseph Karo, tó kọ ìwé òfin Shulchan Aruch ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, kò gbà kí afọ́jú kà á. Moses Isserles ti ìlú Kraków wá fi kún un pé àwọn kan gbà á láyè, torí a ń pe ẹni tí kò mọ̀wé náà sídìí Tórà, tí ẹlòmíràn sì ń bá a kà á. Lọ́pọ̀ sínágọ́gù lónìí, wọn a pe orúkọ afọ́jú, òun náà a gòkè, a súre ṣáájú kíkà àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtàn kan nínú Támúdù ni mo fẹ́ràn ju gbogbo òfin wọ̀nyí lọ. Rábì Yosef, ọ̀mọ̀wé ńlá ní Bábílónì, kò ríran. Ó kọ́kọ́ ní òun yóò se àsè bí wọ́n bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin kò di dandan fún afọ́jú, torí òun ń pa á mọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀kọ́ Rábì Hanina, pé ẹni tí a pàṣẹ fún tó sì ṣe é ga ju ẹni tí a kò pàṣẹ fún lọ, ó yí ohùn padà: bí ẹnì kan bá lè sọ pé ó di dandan fún òun, ìgbà yẹn ni òun yóò se àsè.

Mo gbà pé ohun tó yé Rábì Yosef yìí kò tíì yé ọ̀pọ̀ ìjọ. "Ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà, Ọlọ́run mọ ọkàn yín": inú rere ló ń sọ ọ́ fún afọ́jú, àmọ́ ó ń ti ènìyàn síta ni. Kí aṣáájú àdúrà má pe nọ́ńbà ojú ewé nìkan, torí ti ìwé bíréèlì lè yàtọ̀. Kí ó pe orúkọ àdúrà náà pẹ̀lú. Kí àtẹ̀gùn tó lọ sórí pèpéle ní ibi ìdìmú. Bí ó bá sì di òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ènìyàn mẹ́sàn-án péjọ, tí wọ́n ń wá ẹnì kẹwàá tí àdúrà ìjọ kò lè ṣe láìsí i, kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn afọ́jú bí wọ́n ṣe ń kan ti ẹlòmíràn.