Arìngbẹ̀rẹ̀ Ni Yóò Mú Oyè Jẹ

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ méjì tí Ọlọ́hun fi jíǹkí wa ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti bí a ṣe lè fi wọ́n tọ́jú ara tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa.

Bí ẹ bá kíyè sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá pinnu láti máa ṣe eré ìdárayá, eré sísá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Oníṣòwò tí ó ń jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í dìde nídìí tábìlì, ìyá ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ìró òun kò yí òun ká mọ́, gbogbo wọn yóò ra bàtà, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, orúnkún ti wú, gbogbo ara ń ro wọ́n, bàtà náà sì ti wọ abẹ́ ibùsùn lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá rí, tàbí tí ó ti pa á tì láti ọdún pípẹ́, ìrìn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè jẹ, asúrétete kò róyè jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé mi gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìlú Kàdúná tí a ń gbé, dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ baálé mi, ó sì bá a ní 160 lórí 100. Ẹni ọdún 54 ni wọ́n nígbà náà. Bàbá tí ó bí wọn lọ́mọ, àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó dá wọn dúbúlẹ̀ fún ọdún 6 kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nítorí náà, nígbà tí dókítà fún wọn ní oògùn, tí ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá, kò sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré nínú ilé wa. Sáré-sáré ni ọkọ mi nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ síbi tí wọ́n fi í sí ní ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn.

Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á máa rìn ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Ràṣídì, ṣé ìrìn tí mo ń rìn lọ sí mọ́sáláṣí náà ni yóò wá lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ?"

Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ 12 péré. Èmi náà yóò bá yín rìn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Bí ènìyàn bá ń rìn, kò sí ìgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí nílẹ̀. Bí ó bá ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì a máa kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí ó bá sì tún balẹ̀, ẹrù tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ń gbà a máa tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwúwo ara rẹ̀. Ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 90, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ sì ro ti orúnkún rẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró a máa tètè mọ́ iṣẹ́ tuntun láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n egungun àti àwọn iṣan líle tí ó so ẹran ara mọ́ egungun a máa gba oṣù púpọ̀. Ìdí nìyí tí èémí asáré tuntun fi máa ń dán an wò pé ó ti lè ṣe é, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì já a kulẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìrìn kéré jù láti ṣe ọkàn ní oore. Ní ọdún 1953, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ a máa jókòó ní gbogbo ọjọ́, kọ̀ńdọ́ a sì máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gba owó ọkọ̀. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ láàrin àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ. Kọ̀ńdọ́ kò sáré ìje kankan nínú bọ́ọ̀sì o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kàn dúró sójú kan ni.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa tí ojú sì ríran, a ó jáde. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 péré ni, 5 ní àlọ, 5 ní àbọ̀, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni a ń fi ìṣẹ́jú 5 kún un, tí ó fi di ìṣẹ́jú 30 ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ìṣẹ́jú 30 lọ́nà 5 jẹ́ 150, òun sì ni ó kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe lọ́sẹ̀, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020. Ní ti bí ìrìn náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó, ẹ fi ẹnu yín wọ̀n ọ́n: kí ẹ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí èémí yín má gbà yín láyè láti kọrin. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ dẹ́rù bà yín. Ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Japan tí ó ń ta ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ ní ọdún 1965 láti fi polówó ọjà rẹ̀.

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ dojú kọ wá kì í ṣe ti ẹsẹ̀ rárá, ti ẹnu ayé ni. Aládùúgbò wa kan dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, ó ní ṣé ọkọ̀ Alhaji ti bàjẹ́ ni, kí a wọlé kí òun gbé wa. Àwọn onikẹ̀kẹ́ NAPEP a máa fun fèrè sí wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lójú tiwa, ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni ẹni tí kò ní owó ọkọ̀. Ó wu ọkọ mi láti padà sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí a ti ń rìn, wọ́n sọ ohun tí wọn kò sọ fún mi rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Wọ́n ní ikú kò bà wọ́n lẹ́rù, nítorí ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni a ó padà sí. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí àwọn ọmọ wọn máa gbé wọn yí lórí ibùsùn bí àwọn ṣe gbé bàbá wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí fèrè tí ó tún dá wa padà mọ́.

Ẹ̀sìn wa pàápàá kò fi ìrìn ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ànábì wa Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé bí wọ́n bá ti ń gbé ìrun dúró, kí a má ṣe sáré wá, kí a rìn wá pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ó kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ó gun ẹran lọ sí mọ́sáláṣí Qubā ní Mẹ̀dínà lọ́jọ́ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni ó bá ìyá wa Áíṣà sáré ìje rí, kí tọkọtaya lè mọ̀ pé kò sí àbùkù nínú kí a jọ ṣe eré ìdárayá. Ẹni tí ó bá sì ń múra Hájì, kí ó rántí pé láti Sọ́fà dé Máríwà tó nǹkan bíi mítà 450, ìgbà 7 ni a ó sì rìn ín, ó lé ní kìlómítà 3. Àárín iná aláwọ̀ ewé nìkan ni àwọn ọkùnrin ti ń sáré díẹ̀. Ìyókù, ìrìn ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi jẹ́ 136 lórí 86. N kò ní tan yín pé ìrìn nìkan ni ó ṣe é, nítorí wọ́n ń lo oògùn wọn, iyọ̀ inú ọbẹ̀ wa sì ti dín kù. Dókítà kò dá oògùn náà dúró, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe dá tiyín dúró láìgba àṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà ná bí ẹ bá ní àìsàn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tí ó bá ẹsẹ̀ mu, ẹ má fi sálúbàtà rìn ín. Ẹ̀yin obìnrin, híjáàbù òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní mú yín lóoru púpọ̀. Bí kò bá sí ọkọ tàbí ọmọ tí yóò bá yín jáde, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta mẹ́rin, tàbí kí ẹ máa yí inú ọgbà ilé po. Ní oṣù Rámàdáánì, ẹ lè sún un sí ẹ̀yìn ìṣínu. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí eré sísá bá ṣì ń wù yín, ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 4, kí ẹ sáré díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1. Bí kò bá wù yín, ẹ máa rìn yín lọ, ó tó.

Ọlọ́hun Ọba kí ó má ṣe sọ ẹsẹ̀ wa di ohun tí ẹlòmíràn yóò máa bá wa gbé. Kí Ó fi ìlera fún wa láti máa dúró kí ìrun wa títí dé ọjọ́ ogbó. Àmín.