Ewé Eéran

Ewé eéran kò ní igi tó ń gbé e dúró. Inú ilẹ̀ gan-an ni ọ̀pá rẹ̀ ti ń yọ, tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ, ewé kan ṣoṣo lórí ọ̀pá kan. Abẹ́ ibòòji ló fẹ́, ìdí nìyẹn tí ara fi ń tù ú lábẹ́ igi obì àti kòkó nílẹ̀ Rẹ́mọ. Nídìí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni èso pupa onígun mẹ́ta máa ń fara pamọ́ sí. Bí ọmọdé bá lá ohun tó bo kóró inú rẹ̀, ọsàn kíkan á di dídùn lẹ́nu rẹ̀. Ara èso yìí ni àwọn òyìnbó ti ń fa thaumatin, tí adùn rẹ̀ fi ìlọ́po 2,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti ṣúgà. Ṣùgbọ́n ewé ni tèmi.

Ẹ gbé ẹyọ kan sójú oòrùn. Ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán tó bẹ́ẹ̀. Láti ara iṣan àárín, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ lọ sí etí, wọ́n súnmọ́ra bí òwú aṣọ òfì. Omi kì í dúró lórí rẹ̀. Bó bá gbẹ, ó máa ń ya, nítorí náà àwọn tó ń tà á lọ́jà Ṣàgámù kì í yé wọ́n omi sí ìdì rẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́bìrìpò ní Ìkẹ́nnẹ́ á rin kókò, á fi iyọ̀ sí i, á pò ó. Á nu ewé, á fi yá iná kó lè rọ̀, á ká a yípo, á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, á bu kókò sí i, á ṣẹ́ orí rẹ̀ dé e. Kò sí okùn, kò sí abẹ́rẹ́. Ọ̀pá tó gé kúrò náà kò ṣòfò: ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń tò ó sí, kí ìdì má bàa rì sínú omi. Bó bá jinná tí ẹ tú u, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn á ti hàn lára ẹ̀bìrìpò, òórùn ewé á sì gba ilé kan. Èyí tí wọ́n sè nínú ọ̀rá? Ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Notpla ń fi ewé òkun ṣe ohun ìdìǹkan tó máa rọ́pò ọ̀rá. Lọ́dún 2019, àwọn kan lára àwọn tó sáré London Marathon mu ohun mímu láti inú rẹ̀, wọ́n sì gbé àpò náà mì. Notpla gba ẹ̀bùn Earthshot ní 2022. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ewé tiwa kò ṣeé gbé mì, kò lè gbé ọbẹ̀ rìn jìnnà, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa wọ igbó lọ já a, nígbà tí ọ̀rá wà nítòsí. Igbó náà ń dín kù bí ilé iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i létí títì Èkó sí Ìbàdàn.

Síbẹ̀, ẹ wo àwọn oníṣòwò obì gbànja ní Ṣàgámù. Obì ń mí. Bí ọ̀rá bá sé e pa, ó ń làágùn, ó sì ń bu. Ewé tútù tí wọ́n tẹ́ sínú agbọ̀n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò sì jẹ́ kí obì gbẹ. Èyí tó bá gbẹ nínú ewé náà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tútù rọ́pò, kí ọkọ̀ tó gbéra lọ sí ilẹ̀ Haúsá.