Ní Ìsọ̀ Olóúnjẹ ní Kobe

Bí ẹsẹ̀ yín bá dé ìlú Kobe ní ilẹ̀ Japan, ẹ ó rí àdúgbò Nankinmachi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté ìlú náà fún àjèjì ní ọdún 1868 ni àwọn ará Ṣáínà ti ń tẹ̀dó síbẹ̀.

Ebi ń pa mí. Butaman ni èrò tò láti rà, ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fi ooru omi sè, funfun báláú. Mo ti na owó kí afinimọ̀nà mi tó dá mi dúró.

"Ẹ dúró ná, sà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni à ń pè ní buta."

Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni ọmọbìnrin yìí ń bá mi béèrè. Nígbà tí mo rí àkàrà róbótó tí wọ́n fi yànmọ̀tí bò, tí ẹ̀wà pupa aládùn wà nínú rẹ̀, mo ṣe bí wàhálà ti parí. Ẹni tí ń dín in ni ó mi orí: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀wà náà. Kì í ṣe Mùsùlùmí o! Bí ó bá dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Ó dá owó mi padà.

A gun òkè lọ sí mọ́sálásí Kobe, èyí tí wọ́n ṣí ní 1935, tí bọ́ǹbù 1945 àti ìmìtìtì ilẹ̀ 1995 kò wó. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, a rí ilé oúnjẹ hàláàlì nítòsí. Bí ọmọ náà ti ń jẹun ni mo mọ̀ pé òun náà kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀, nítorí pé àlejò rẹ̀ kò rí jẹ.