Ẹsẹ̀ Tó Gbóná Tí Kò Gbéra

Ìtọ̀ ṣúgà tó ń ṣe àǹtí mi ló gbé èmi àti wọn dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Akẹ́kọ̀ọ́ dókítà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó fi ìka méjì lé ojú ẹsẹ̀ wọn níbi tí okùn sálúbàtà máa ń gbà. Ó dákẹ́. Ó tún bọ́ sí ẹ̀yìn kókósẹ̀ lápá inú, láàárín eegun tó yọ àti gìgísẹ̀. Ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ kì, kì ló ń wá.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ ara mi. Ibi tó gba ọkàn mi ni abẹ́ orúnkún lápá òde. Eegun tínínrín kan yọ kókó níbẹ̀. Ẹ fi ìka wá abẹ́ kókó náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó kan okùn kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Iṣan ìmọ̀lára ni, òun ló ń jẹ́ ká lè gbé ojú ẹsẹ̀ sókè bí a bá ń rìn. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ mọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí àrùn náà máa ń mú kó wú. Lórí eegun ló wà, awọ ló bò ó. Kí ló dé tí Ọlọ́run fi gbé irú iṣan bẹ́ẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ tábìlì lè gbá?

Ìbéèrè yẹn ni mo ń rò tí Bàbá Olóbì fi sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Ọdún díẹ̀ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Adventist ní Ìlíṣàn tó di yunifásítì ní 1999 ni wọ́n jábọ́ lórí igi obì, tí ojúgun wọn ṣẹ́. Bàbá kan tó ń to eegun la ọparun wẹ́wẹ́, ó tò ó yí ẹsẹ̀ náà ká, ó fi okùn dì í pinpin dé abẹ́ orúnkún. Láràárọ̀, ìyá mi á fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn: "Ó gbóná o! Ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀." Gbogbo ilé á dúpẹ́. Eegun náà so lóòótọ́, ó tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú okùn, ojú ẹsẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá Olóbì wá ń gbé orúnkún ga bí ẹni tó ń wọ́dò kọjá, kí ọmọ ìka wọn má baà wọ́ nílẹ̀. Iwájú bàtà òsì wọn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ tán. Wọ́n ní ayé ló ṣe é.

Ibi tí iṣan náà wà kò dùn mí mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni ayọ̀ àràárọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn orúnkún, nínú ẹran jíjìn, ni ẹ̀jẹ̀ gbà wọ ẹsẹ̀. Okùn kò dí i. Ẹ̀gbẹ́ ni iṣan ìmọ̀lára gbà, okùn sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun tọ̀sán tòru. Ẹsẹ̀ lè gbóná, kó máa sọ kì, kì, kí agbára àtigbé e sókè sì máa kú lọ. A yẹ ọ̀kan wò, a gbà pé a ti yẹ méjèèjì wò.

"Ẹ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín sókè, Bàbá." Ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ì bá lè sọ ọ́. Bí kò bá gbéra, tàbí tí àárín àtàǹpàkò àti ìka kejì bá kú tipiri, kí wọ́n tú okùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. POP, ẹfun líle tí ilé ìwòsàn fi ń di eegun tó ṣẹ́, náà lè tẹ iṣan yẹn pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ òwú sórí kókó náà kí wọ́n tó dì í. Ọ̀kadà ń ṣẹ́ àwọn ọmọ wa lẹ́sẹ̀ ní Rẹ́mọ báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Bí mo bá rí ọ̀kan nínú àwọn bàbá yìí, ọ̀rọ̀ òwú yẹn ni màá kọ́kọ́ bá wọn sọ.