Olólùfẹ́ Eré àti Olówó Ẹgbẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Aṣọ ni ẹlòmíràn ń kówó lé, ilé ni ẹlòmíràn ń kọ́ jọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ́ pé eré ìdárayá ni ó gbé ọkàn tirẹ̀ lé kò wọ́n láwùjọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wọ pápá, kò sì gba kọ́bọ̀ nínú owó tí ó ń wọlé níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn bá borí, a máa yan bí ọkọ ìyàwó. Bí wọ́n bá sì pàdánù, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Kí ni ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà gan-an? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́wọ́ olólùfẹ́ eré tí ó ń gbé ní ìlú Manchester, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ìfẹ́ méjì ni ó wà lọ́kàn olólùfẹ́ eré yìí. Nígbà ooru, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Boston, tí wọ́n ń pè ní Red Sox, ni tirẹ̀. Boston kò ju nǹkan bí 50 máìlì lọ sí ilé rẹ̀. Nígbà tí òtútù bá dé tí yìnyín sì bo ilẹ̀, ojú rẹ̀ a kúrò lára bésíbọ́ọ̀lù, a wá yí sí họ́kì orí yìnyín, èyí tí ẹgbẹ́ Monarchs gbá ní àárín ìlú Manchester fúnra rẹ̀ láti 2001 títí di 2019. Eré méjèèjì ni ó ti mú un yọ̀, àwọn méjèèjì náà ni ó sì ti dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ju ọgbẹ́ lọ.

Ti bésíbọ́ọ̀lù ni kí ó ṣáájú. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú líìgì àgbà eré náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa ṣe eré 162 láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Kò sí ọ̀pọ̀ eré ìdárayá tí ń dán ènìyàn wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí ni ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ ti Oṣù Kẹwàá a tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1903, tí World Series kọ́kọ́ wáyé, ẹgbẹ́ méjì péré ni ó wọ inú rẹ̀: èyí tí ó ṣe ipò kìíní nínú líìgì kan àti èyí tí ó ṣe ipò kìíní nínú èkejì. Ní 1969 wọ́n pín líìgì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka méjì, ilẹ̀kùn sì gba ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ní 1995 ó di mẹ́jọ, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa jù láàárín àwọn tí kò ṣe ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn. Àyè yìí ni wọ́n ń pè ní wild card. Ní 2012 ó di mẹ́wàá, nígbà tí ó sì di 2022 ó di méjìlá.

Bí ilẹ̀kùn ti ń fẹ̀ sí i ni àríyànjiyàn ń pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ Seattle borí ní eré 116 ní 2001, iye tí ẹnikẹ́ni kò kọjá rí nínú líìgì àgbà. Nígbà tí Oṣù Kẹwàá dé, New York Yankees fi eré 4 sí 1 lé wọn sílé. Los Angeles Dodgers borí ní eré 111 ní 2022. San Diego, tí ó borí ní 89 péré, ni ó já wọn jù sílẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀, Dodgers kan náà borí ní 100, Arizona tí ó borí ní 84 sì nà wọ́n ní eré mẹ́ta léraléra. Ní 2006, St. Louis tí ó borí ní 83 péré ni ó gba ife-ẹ̀yẹ lọ sílé. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní béèrè pé kí ni wọ́n wá fi oṣù mẹ́fà ṣe?

Àwọn olùkọ́ yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀ níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ó gba ipò kìíní ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, orí ń fọ́ ọ, ẹni tí ó wà ní ipò kẹjọ sì bá ìbéèrè tí ó kà ní alẹ́ àná pàdé. Ìdánwò náà kò ṣèké, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bésíbọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tí ó borí ní eré 100 nínú 162 ti pàdánù ní 62. Nítorí náà kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pàdánù mẹ́ta nínú márùn-ún. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà gígùn, ẹgbẹ́ nílò ajubọ́ọ̀lù márùn-ún tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ní Oṣù Kẹwàá, méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ wọn mú lè gbé ẹgbẹ́ tí kò tó nǹkan dé ibi gíga. Ìfaradà ni eré 162 ń wọ̀n. Oṣù Kẹwàá kò bìkítà fún ìfaradà. Ohun tí ẹgbẹ́ bá lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó ń wò.

Èyí mú kí olólùfẹ́ eré náà fẹ́ dá ètò yìí lẹ́bi pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá rántí 2004, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Láti 1918 ni Red Sox ti gba ife-ẹ̀yẹ kẹ́yìn, àwọn baba ti kú, àwọn ọmọ ti hu ewú, wọn kò rí i mọ́. Ní 1978 wọ́n bá Yankees parí sí ojú kan náà, olúkúlùkù borí ní 99. Eré kan ṣoṣo ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, Red Sox sì pàdánù. Nígbà náà kò sí wild card, ẹni tí ó bá ṣe ipò kejì ní láti padà sílé. Ní 2004, ipò kejì ni Red Sox tún ṣe lẹ́yìn Yankees, ẹni 98 lẹ́yìn ẹni 101. Bí ètò 1978 bá wà síbẹ̀ ni, ilé ni wọn ì bá padà sí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ̀ ní 1995 ni wọ́n gbà wọlé. Yankees nà wọ́n ní eré mẹ́ta àkọ́kọ́, gbogbo ayé sì ti ń ká ẹní òkú wọn, ni wọ́n bá gbéra tí wọ́n borí ní mẹ́rin léraléra, ohun tí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kankan kò ṣe rí nínú ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Wọ́n fi eré 4 sí òdo na St. Louis, ọdún 86 sì di ìtàn. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná.

Ọ̀nà tí olólùfẹ́ eré náà ń bú ni ó gbé ayọ̀ ńlá dé ilé rẹ̀. Nítorí náà ó gbà pé ìdíje Oṣù Kẹwàá lè rẹ́ ẹni tí ó dára jù jẹ, ṣùgbọ́n gbangba ni ó ti ń rẹ́ ni jẹ. Bọ́ọ̀lù ni ó ṣe é, ojú gbogbo ènìyàn ni ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó sì ṣubú mọ̀ pé ọdún tí ń bọ̀ ń bọ̀ lóòótọ́. Seattle ṣubú ní 2001, ṣùgbọ́n Seattle ni ó tún jí ní ọdún kejì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, ní pápá kan náà, níwájú àwọn ènìyàn kan náà.

Ti họ́kì kò rí bẹ́ẹ̀. Líìgì tí Monarchs wà nínú rẹ̀ ni American Hockey League, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó gòkè lọ sí líìgì àgbà, bí ọmọ iṣẹ́ ti ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ẹgbẹ́ àgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹgbẹ́ kékeré tirẹ̀ tàbí tí ó bá ọ̀kan ṣe àdéhùn. Los Angeles Kings ni ọ̀gá Monarchs. Manchester ni Jonathan Quick ti jókòó kọ́ iṣẹ́ aṣọ́lé kí ó tó lọ ran Kings lọ́wọ́ láti gba ife-ẹ̀yẹ Stanley ní 2012 àti 2014. Ará Manchester a máa fi èyí yangàn bí ẹni tí ó tọ́ ọmọ fún ọlọ́lá.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Láti Manchester dé Los Angeles lé ní 2,500 máìlì, ó sì jẹ́ pé etíkun kan dé èkejì ni. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣèṣe ní ìwọ̀-oòrùn lónìí, ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ní láti fi ọkọ̀ òfuurufú la ilẹ̀ náà já kí ó tó wọ bàtà onírin rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 2015, àwọn aláṣẹ líìgì náà kéde àtúntò: wọn yóò dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹ́ márùn-ún yóò sì kó lọ sí California. Manchester yóò di Ontario, ìlú kan tí kò ju nǹkan bí 40 máìlì lọ sí Los Angeles. Worcester yóò di San Jose. Norfolk yóò di San Diego. Oklahoma City yóò di Bakersfield. Ẹgbẹ́ Adirondack yóò sì di ti Stockton. Àwọn ẹgbẹ́ àgbà ìwọ̀-oòrùn ni ó ni ẹgbẹ́ márààrún, àwọn ni ó sì pàṣẹ.

Ìkéde náà jáde nígbà tí sáà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ará Manchester wá ń sanwó ìwọlé láti lọ wo ẹgbẹ́ tí ó ti mọ̀ pé àlejò ni. Iyalẹnu ibẹ̀ ni pé ọdún náà gan-an ni Monarchs mókè jù: àwọn ni ó ṣe ipò kìíní nínú gbogbo líìgì. Ní Oṣù Kẹfà 2015 wọ́n fi eré 4 sí 1 na Utica, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Calder, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Manchester. Wọ́n gba ife tán, wọ́n sì palẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní Ontario tẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ ti líìgì tí ó rẹlẹ̀ sí èyí, ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó jẹ́ orúkọ Monarchs ní Manchester títí di 2019, lẹ́yìn náà òun pẹ̀lú kógbá sílé.

Kò tọ́ kí a dá ẹjọ́ ẹnìkan dá. Ará Ontario yọ̀, ayọ̀ rẹ̀ kò sì kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ó ṣe ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú láǹfààní pé ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí. Àtúntò náà tilẹ̀ bí ìṣòro ìṣirò tí yóò wu olùkọ́ láti fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò: àwọn ẹgbẹ́ California márààrún ń ṣe eré 68 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń ṣe 76, nítorí náà kò ṣeé ṣe láti ka àmì-ayò lásán mọ́. Ìdá àmì-ayò tí ẹgbẹ́ gbà nínú iye tí ó lè gbà ni wọ́n fi ń tò wọ́n, títí tí gbogbo wọn fi di eré 72 ní sáà 2022 sí 2023. Wọ́n rí ìṣirò ṣe fún eré tí kò dọ́gba. Ìṣirò wo ni wọn yóò ṣe fún ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀?

Níbí ni ọgbẹ́ ti ju ọgbẹ́ lọ. Kì í ṣe orí yìnyín ni Manchester ti pàdánù Monarchs, nítorí pé orí yìnyín kò sí ẹni tí ó lè mú wọn. Inú ọ́fíìsì ni ó ti pàdánù wọn. Ẹni tí wọ́n nà lórí pápá lè ní òun yóò gbẹ̀san lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n nà ní ọ́fíìsì kò ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ wo ìlú Hershey ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ìlú kékeré tí ṣokoléètì sọ di olókìkí. Láti 1938 ni ẹgbẹ́ Bears ti wà nínú líìgì yìí láìṣí kúrò. Ní 2023 àti 2024 wọ́n bá Coachella Valley, ẹgbẹ́ California tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, wọ ìdíje àṣekágbá, ìgbà méjèèjì ni wọ́n sì borí. Ife-ẹ̀yẹ Calder wọn di mẹ́tàlá. Họ́kì Hershey nìkan kọ́ ni ó mú kí ó dúró. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Hershey ni ó ni Bears; àdéhùn lásán ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àgbà Washington. Ọ̀gá lè lọ, ilé kò ní lọ. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ tuntun bá dé ìlú kan, ìbéèrè tí ó yẹ kí olólùfẹ́ eré kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe bí wọ́n bá mọ eré í ṣe. Kí ó béèrè ẹni tí ó ni wọ́n àti ibi tí onítọ̀hún ń gbé. Lẹ́yìn èyí, kí ó fẹ́ràn wọn bí ó bá wù ú, nítorí pé ìfẹ́ kò nílò ìwé ẹ̀rí. Olówó lè kó ẹgbẹ́, kí ó kó aṣọ wọn, kí ó sì kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ líìgì náà sí ọdún 2015 yóò rí orúkọ ìlú tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Calder. Manchester ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ Ontario.