Ọmọ Tí Ó Ń Wá Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó kórìíra géèmù, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti kórìíra rẹ̀. Ẹ ó pe ọmọ kí ó wá jẹun, kò ní dáhùn. Ẹ ó wọ yàrá, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọlé láti gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, mo sì bá a tí ó ń sunkún. Mo jókòó tì í. N kò gba ẹ̀rọ náà mọ́.

Orúkọ eré náà ni Dragon Quest V. Àwọn ará Jàpáánù ni ó ṣe é. Yuji Horii ni ó gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀, olóògbé Akira Toriyama sì ni ó ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ó jáde ní 1992 fún ẹ̀rọ Super Famicom tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún un ṣe fún Nintendo DS ní 2008, ó sì di 2009 kí ó tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ti DS yìí ni àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí wa láti Lọ́ńdọ̀nù. Tòkúnbọ̀ ni.

Kì í ṣe eré ìkánjú rárá. Bí ayò ọlọ́pọ́n ni ó rí: ẹ ó ronú, ẹ ó pàṣẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn yín, lẹ́yìn náà ni tiyín àti ti iwin tí ẹ ń bá jà yóò máa ṣe tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, iwin náà yóò dúró dè yín. Bí gbogbo yín bá ṣubú lójú ìjà, ìdajì owó ọwọ́ yín lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá ti fi sí báńkì kò ní dín. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ibí yìí ni inú mi ti kọ́kọ́ rọ̀.

Ọmọdékùnrin kan ni ó ń bá bàbá rẹ̀ rìn káàkiri ayé. Bàbá náà lágbára gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀tá gbé dòjé lé ọmọ lọ́rùn, ó ní bí bàbá bá jà, ọmọ yóò kú. Bàbá dúró, wọ́n lù ú, kò gbèjà ara rẹ̀. Kí ó tó kú ni ó sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ọmọ di ẹrú fún ọdún 10. Ó sá àsálà, ó sì tó ẹni tí ń gbéyàwó. Ẹni tí ó ń ta eré ni yóò yan ìyàwó fún un: Bianca, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tàbí Nera, ọmọ olówó. Nínú ti DS, wọ́n fi Debora, ẹ̀gbọ́n Nera, kún un. Ọmọ mi mú Bianca láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

"Òun ni ó mọ Dádì rẹ̀, Mọ́mì."

Ìyàwó bí ìbejì, akọ àti abo. Ọ̀tá jí i gbé. Ọkọ wá a lọ, wọ́n sì sọ àwọn méjèèjì di òkúta. Ọdún 8 ni ọkọ fi dúró bí ère nínú ọgbà olówó kan. Ìgbà ń lọ, ìgbà ń bọ̀, ọmọ olówó náà ń dàgbà lójú rẹ̀, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Níkẹyìn, àwọn ìbejì rẹ̀ wá a rí, wọ́n fi ọ̀pá agbára sọ ọ́ di ènìyàn padà. Ibẹ̀ ni mo bá ọmọ mi tí ó ń sunkún.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Dádì wa máa dá mi mọ̀ bí mo bá ti ga?"

Ọdún 3 ni ọkọ mi ti wà ní Kánádà. Bí ó bá fi ti ibi iṣẹ́ dé, agogo 10 tàbí 11 alẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wa, èmi ni mo sì pàṣẹ pé kí ọmọ máa sùn ní agogo 8. Owó ilé ìwé àti owó iná ni èmi àti ọkọ mi ń sọ. Mo ka ara mi sí ìyá tí ó mọ ètò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò lé e lọ sùn. Nígbà tí ìpè wọlé, ó ní kí n ní sùúrù: nínú ilé ìjọsìn inú eré náà ni àlùfáà ti ń bá ni kọ ibi tí a dé sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀. (Ẹ má ṣe já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ọmọ kí ó tó ṣe èyí o, iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni ẹ ó sọ nù.) Lẹ́yìn náà ó ròyìn ohun gbogbo fún bàbá rẹ̀, ó ní ọmọ ọkùnrin náà ni ó lè lo idà tí bàbá rẹ̀ gbé kiri tí kò lè lò. Ọkọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí ó lọ dúró ti ilẹ̀kùn, kí òun rí ibi tí orí rẹ̀ dé.

Alẹ́ Sátidé ni a ń ta á báyìí, a ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì kí bàbá lè máa wò ó. A kò tíì rí ìyá àgbà wọn gbà.