Òṣó Tí Mo Ló

Lọ́dún kan, mo lọ kí ìyá àgbà ní Iléṣà. Kí àwọn ará ilé tó jí, mo ti ki bàtà bọ ẹsẹ̀, mo ti sáré gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ. Ìgbà tí mo fi máa padà, ìyá àgbà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń run orín. Wọ́n wo òógùn tó ń kán tó-tó-tó lára mi.

“Àkànní, ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Ṣé ìwọ lò ń lé ejò ni, àbí ejò ló ń lé ọ?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo ní kò séjò ńbẹ̀ o. Eré Màrátọ́ọ̀nù Èkó ni mo ń múra sílẹ̀ fún. Wọ́n mirí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa ẹnu mi dé, ṣùgbọ́n mo fi kún un pé mo tún ń díje nínú irin gbígbé. Wọ́n ní irin wo? Mo ní èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, téèyàn á lóṣòó, tí á tún gbé e dìde. Mo kúkú lóṣòó níwájú wọn kí wọ́n lè rí i. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Bàbá yín àgbà náà rìn, wọ́n sì ló òṣó. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ló o.”

Òótọ́ ni. Òṣómàáló ni bàbá àgbà. Wọ́n á di aṣọ lẹ́rù, wọ́n á gbé e rù, wọ́n á rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á dé ilé onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó á fi jáde. Ẹsẹ̀ tó rin ọ̀nà jíjìn náà ló ń lóṣòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá àgbà pé iṣẹ́ méjì tí ń bára jà ni.

Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Nínú jíìmù wa ní Sùúrùlérè, ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tó ti ń gbé irin kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ irin. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ sáré, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: “Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.” Mo rò pé ìlara ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdíje wa pín sí. O lè ti rí ọ̀kan nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fẹ̀yìn lélẹ̀ ṣe, tí Folashade Oluwafemiayo fi gba góòlù fún Nàìjíríà ní Paralympics Tokyo àti ti Paris. Èkejì ni gbígbé irin nílẹ̀ títí èèyàn á fi nàró. Òṣó líló ló kù, òun la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta á máa wò ọ́. Irin á ti wọ̀ ọ́ léjìká, síbẹ̀ o ò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ títí wọ́n á fi pàṣẹ. Bí o bá lóṣòó, oríkèé ìdí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju orókún lọ. Bí o bá dìde tán, o ò gbọdọ̀ dá irin padà títí wọ́n á tún fi pàṣẹ. Bí méjì nínú wọn ò bá tan iná funfun, òfo ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n á jẹ́ kí o gbìyànjú ẹ̀.

Màrátọ́ọ̀nù ò ní adájọ́ tí ń wo orókún. Kìlómítà 42.195 ni adájọ́ rẹ̀. Láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti Èkó, mo ti máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wo àwọn tí ń sá a. Lọ́jọ́ kan mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi náà á sá a.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ojú mi rí nǹkan. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé irin tó wúwo jù. Lọ́jọ́ Sunday, màá sáré ọ̀nà jíjìn. Mo ń jẹun bí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kan, mo sì ń ṣe iṣẹ́ méjì. Kò tó oṣù mẹ́ta, kílò 170 tí mo ń fi lóṣòó ti di 155, orókún mi ń dún kẹ̀kẹ̀. Lọ́jọ́ eré náà, orí Afárá Third Mainland ni ẹsẹ̀ ti sọ fún mi pé òun ò lọ mọ́. Ọ̀sà wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà wà lósì, kò sí ibi tí mo lè yà sí. Àwọn ìyá tó jù mí lọ ń kọjá lára mi, wọ́n ń ní, “Pẹ̀lẹ́ o.” Ọ̀rọ̀ eku méjì ń dún létí mi.

Ẹnìkan ti kó sínú wàhálà yìí ṣáájú mi. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, Robert Hickson lorúkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn irin gbígbé. Ó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, John Holloszy, tí eré sísá jẹ lógún. Bó ṣe ń bá ọ̀gá sáré ni agbára irin ń jò lára rẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ìwádìí, tó tẹ̀ jáde ní 1980. Àwọn kan gbé irin ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àwọn kan fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe eré ìdárayá tí ń mú èémí gùn, àwọn kan ṣe méjèèjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn tó ṣe méjèèjì ń lágbára sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje, ló bá dúró, ló bá tún ń lọ sílẹ̀. Èémí tiwọn ò bàjẹ́ rárá. Agbára irin ló jìyà.

Ẹ̀gbọ́n jàre, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ ka iṣẹ́ náà: márùn-ún àti mẹ́fà, mọ́kànlá ni, lọ́sẹ̀ kan, lórí ẹsẹ̀ kan náà. Èmi náà ò sàn ju ìyẹn lọ. Ṣúgà tí itan fi pamọ́ fún eré ọ̀nà jíjìn, mo ti fi irin ná an lánàá. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Nígbà tí mo tún padà sí Iléṣà, mo bi ìyá àgbà pé báwo ni bàbá àgbà ṣe ń ṣe é tí kò fi pa wọ́n. Wọ́n ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìgbà tí wọ́n bá ń tajà, wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu owó. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbowó, ẹrù orí wọn kì í wúwo. Ta ní ń ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan?”

Mo dé Èkó, mo tún ètò mi tò. Nígbà òjò, irin ló ni mí. Eré ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, n ó sì rọra sá a débi tí mo lè máa bá ẹnìkejì tàkúrọ̀sọ. Bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, ó di ti eré. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń fọwọ́ kan irin. Ó ń wúwo, ṣùgbọ́n kì í pọ̀, kí agbára má baà ṣí kúrò nílé. Bí mo bá sáré láàárọ̀, ó di alẹ́ kí n tó gbé irin. Mo sì padà sídìí iyán, bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi. N kì í gba gbèsè méjì lọ́wọ́ ara mi lọ́jọ́ kan náà mọ́.

N ò gba ipò kìíní níbì kankan, n kò sì ní gbà á. Nínú àwọn onírin, mo gbẹ. Nínú àwọn asáré, mo sanra. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn mo fi kílò 175 lóṣòó, iná mẹ́ta sì tàn funfun. Lóṣù Kejì tó tẹ̀ lé e, mo sọdá afárá náà láìdúró, mo sì dé òpin eré.

Mo pe ìyá àgbà lórí fóònù. Wọ́n ní kí ni wọ́n san fún mi? Mo ní wọn ò sanwó, mẹ́dà ni wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ mẹ́dà? Mo ní irin pẹlẹbẹ kan ni.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Gbogbo ìrìn yẹn, Àkànní, irin náà lo tún gbé bọ̀?”